Bí Mo Bá Gbà Kí Wọ́n Fi Ipá Tọ́jú Ọmọ Mi, Ṣé Mo Ti Tà Á Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Leeds ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 19. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń sọ fún wa pé ààwẹ̀ lòun ń gbà, àṣé kì í ṣe ààwẹ̀. Ó dákú sí balùwẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní anorexia ni, àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn jẹun, wọ́n sì fi òfin dá a dúró fún ọjọ́ 28. Ọjọ́ náà ti fẹ́ pé. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní AMHP, òṣìṣẹ́ tí òfin fún láṣẹ láti béèrè pé kí wọ́n dá aláìsàn dúró, ti wá fóònù mi pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di sẹ́kíṣọ̀n 3, kí wọ́n lè dá a dúró pẹ́ sí i fún ìtọ́jú, ó ń bi mí bóyá mo ta kò ó. Èkó ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Ó ní n ò gbọdọ̀ gbà, pé àwọn òyìnbó fẹ́ sọ ọmọ òun di wèrè, kí n gbé e wálé kí wọ́n gbàdúrà fún un ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ náà ń pè mí lóru, ó ń sunkún: "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ mí nímú." Bí mo bá gbà, ṣé n ò ti ta ọmọ mi báyìí? — Ìyá tí kò rí oorun sùn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú o. N ò ní í fi ìdáhùn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà: ẹ má ta kò ó. Ẹ sọ fún AMHP yẹn pé ẹ ò ta kò ó, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fẹ́ máa mọ ohun tí wọ́n bá ń ṣe fún ọmọ yín láti òní lọ. Ẹ ò ta ọmọ kankan. Ebi ti gba ìjánu lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ sì ń jẹ́ kí wọ́n bá a gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù kan kúrò lórí yín. Lẹ́tà yín dà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ máa buwọ́ lùwé kí wọ́n tó ti ọmọ mọ́lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Mental Health Act ọdún 1983 tí wọ́n ń lò ní England àti Wales, dókítà méjì gbọ́dọ̀ yẹ ọmọ náà wò kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí pé ó mọ àrùn ọpọlọ dunjú. AMHP, tó sábà máa ń jẹ́ social worker, kì í ṣe ọmọọṣẹ́ àwọn dókítà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu bóyá kó kọ̀wé béèrè fún sẹ́kíṣọ̀n tàbí kó má kọ ọ́. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ló ń buwọ́ lùwé. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bi yín lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tì mí mọ́lé?" ẹ lè wo ojú rẹ̀ kí ẹ sọ òótọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń bi yín ni pé ẹ̀yin ni òfin kà sí nearest relative rẹ̀, ìyẹn ìbátan tó sún mọ́ ọn jù lọ. Láàárín bàbá àti ìyá, ẹni tó bá dàgbà jù lọ́jọ́ orí ni òfin máa ń mú, yálà ọkùnrin ni o tàbí obìnrin, àyàfi bí ọmọ bá ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀kan tàbí tó jẹ́ pé ọ̀kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í gbé ní UK kò sí nínú kíkà rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n pe ẹ̀yin. Wọn ò fojú di ọkọ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún un, torí mo ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí nìkan dá ìjà tí kò parí sílẹ̀.

Bí ẹ bá ta kò ó ńkọ́? Wọn ò ní í lè ṣe sẹ́kíṣọ̀n 3 lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ wọ́n lè gba County Court lọ pé àtakò yín kò mọ́gbọ́n dání, kí adájọ́ sì gba ipò náà lọ́wọ́ yín. Bí ẹjọ́ bá ti dé kóòtù, ọjọ́ 28 yẹn á máa gùn sí i títí adájọ́ fi máa sọ̀rọ̀. Ọmọ ò ní í wálé. Ipò yín nìkan lẹ máa pàdánù, mo sì fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, torí agbára wà nínú rẹ̀ tí ẹ ó nílò tó bá yá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ipá fúnra rẹ̀. Ẹ ó sọ pé ọmọ ọdún 19 ti dàgbà, ó mọ ohun tó fẹ́, kí ló dé tí wọn ò lè gbọ́ tirẹ̀? Àwọn àgbà wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A máa ń pa òwe yìí láti fi tọrọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìṣègùn ni. Lọ́dún 1944 sí 1945, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà mú ọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí orí wọn pé, tí wọ́n fúnra wọn yọ̀ǹda pé kí wọ́n fi àwọn ṣèwádìí ebi. Ó dín oúnjẹ wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi di ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń rò. Àwọn kan ń kó ìwé tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè jọ, wọ́n ń kà á bí ìwé ìtàn. Wọ́n ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi jíjẹ rẹ̀ ṣòfò àkókò. Wọ́n ń ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n ń bínú láìnídìí, ìbànújẹ́ bo àwọn kan mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ní anorexia nínú wọn. Ebi lásán ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín ní àìsàn náà, ebi sì tún gùn ún lé e. Ẹni tó ń pè yín lóru, ọmọ yín ni, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀tàn. Àmọ́ kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi ọpọlọ tí ebi ti pa fún ọdún kan wọn ohun tó dára fún un. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ọpọlọ yẹn ná, kí òun fúnra rẹ̀ tó lè bá wa jiyàn. Ohun tí àwọn adájọ́ náà rí nìyẹn láàárín ọdún 1994 sí 1995, nígbà tí kóòtù England sọ nínú ẹjọ́ mélòó kan pé bíbọ́ ẹni tí àìsàn ọpọlọ kò jẹ́ kó jẹun jẹ́ ara ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ náà. Lórí ìdájọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn dókítà dúró títí dòní.

Ẹ bi dókítà rẹ̀ nípa ọkàn-àyà rẹ̀ kí ẹ tó bi í nípa ìwọ̀n rẹ̀. Lọ́dún 2022, Royal College of Psychiatrists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní UK, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní MEED, tó pín àmì ewu sí àwọ̀ pupa, àwọ̀ iná àárín àti àwọ̀ ewé bí iná ojú pópó. Ọkàn tí kì í lù tó ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan wà nínú pupa. Ara tó tutù kọjá ààlà wà níbẹ̀. Ẹni tó bẹ́rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́ wà níbẹ̀, torí àìsàn náà ti ń jẹ iṣan ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èròjà potassium tàbí phosphate tó bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìlànà ọdún 2017 tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, gbé jáde sì sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ fi BMI, ìyẹn ìwọ̀n ara tí wọ́n fi wé gíga, nìkan pinnu bóyá ẹnì kan nílò ìtọ́jú. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ọmọ tiwa. Mo ti rí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń wò pé ara rẹ̀ ṣì bójú mu, nígbà tí ọkàn-àyà rẹ̀ ti wà nínú ewu. Nínú ilé náà, a ń yìn ín pé ó mọ ààwẹ̀ gbà. Ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lẹ́bi. Ààwẹ̀ jẹ́ ibi ìpamọ́ tó rọrùn fún àìsàn yìí nílé wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, torí kò sí ẹni tó máa bi ọmọ tó ń gbàdúrà pé kí ló dé tí kò jẹun.

Mo mọ̀ pé ó ti wá sí yín lọ́kàn pé bó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni, kí ẹ gbé e wálé kí ẹ fúnra yín bọ́ ọ. Ìyá yín àgbà mọ bí a ṣe ń rọ ọmọ: ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lórí itan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu rẹ̀, ẹ da ẹ̀kọ mímu tàbí àgbo sí i. Ẹ má rọ ọmọ yìí, ìyá wa. Ẹ má sì gbé òkìtì iyán àti ẹ̀fọ́ rírò síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ní òun á jẹ. Lẹ́yìn ogun tí mo sọ yẹn, lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí ebi ti pa pẹ́, àwọn kan jẹun yó, wọ́n sì kú. Ẹbí rò pé ìyà ti tán. Ara tí ebi ti pa pẹ́ ti yí padà, ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀ ló ń jẹ. Bí oúnjẹ bá ya dé lójijì, insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á gòkè, ara á fa phosphate, potassium àti magnesium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn-àyà ò sì ní í mọ bó ṣe máa lù mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọsibítù fi ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní fítámì B1, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń so ẹ̀rọ mọ́ àyà rẹ̀. Ilé ìdáná kò ní nǹkan wọ̀nyí.

Rọ́bà tó ń bà á lẹ́rù ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n fi òfin dá dúró ló ń dé ibẹ̀. Oúnjẹ inú àwo ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé wá, nọ́ọ̀sì á jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́, wọ́n á sì ní kó sinmi nítòsí wọn fún bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á fún un ní ohun mímu olóòjẹ bíi Fortisip dípò rẹ̀. Bó bá kọ ìyẹn náà, tí ewu sì dé, ìgbà yẹn ni rọ́bà tín-ín-rín tó rọ̀ máa gba imú lọ sí ikùn. Kí ohunkóhun tó gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ fa omi ikùn díẹ̀ wò bóyá ó kan bí omi ikùn ṣe ń kan, tàbí kí wọ́n ya fọ́tò X-ray, kó má baà jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ló bọ́ sí. N ò ní í parọ́ fún yín: bí wọ́n bá ní láti di ọmọ mú kí wọ́n tó fi í sí i, ìrora ni, fún ọmọ àti fún nọ́ọ̀sì. Mo ti rí nọ́ọ̀sì tó jáde sí kọ́rídọ̀ lọ sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ohun tó kẹ́yìn, kó sì tètè dópin. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé kí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n lè yọ ọ́.

Ṣé ipá yìí ń ṣiṣẹ́? Ní Yunifásítì Iowa, wọ́n wo aláìsàn 397 tí wọ́n gbà wọlé láàárín ọdún méje. 66 nínú wọn ni òfin mú wọlé. Ara àwọn 66 náà padà bọ̀ sípò bíi ti àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pẹ́ jù wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà lẹ́yìn náà pé ìtọ́jú náà tọ́ sí àwọn. Ní Johns Hopkins ní Baltimore, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2007 sọ nípa aláìsàn 46 tí wọn ò gbà lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé pé ó yẹ kí àwọn wà níbẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí 20 nínú wọn fi yí ọkàn padà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ìyá wa. Ìròyìn kan wà tí kò dùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ: ní London lọ́dún 1999, wọ́n fi aláìsàn 81 tí òfin mú wé 81 tó fúnra wọn wá. Ara àwọn méjèèjì yá bákan náà nígbà tí wọ́n wà ní ọsibítù, àmọ́ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn tí òfin mú kú ju àwọn yòókù lọ. Àìsàn àwọn yẹn ti wúwo jù láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyà ìgbà èwe sì ti jẹ ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé sẹ́kíṣọ̀n ń ra àkókò fún wa, kì í wo àìsàn. Bí wọ́n bá bọ́ ọmọ yín tán tí wọ́n dá a padà sílé láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ti fi ipá náà ṣòfò.

Ìgbà kan wà tí èmi náà kì í fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2012, Court of Protection, kóòtù tó ń ṣèpinnu fún ẹni tí kò lè dá pinnu fún ara rẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ méjì tó jọra. Nínú ọ̀kan, adájọ́ ní kí wọ́n bọ́ obìnrin ọmọ ọdún 32 kan bó tilẹ̀ kọ̀. Nínú èkejì, obìnrin kan tí àìsàn náà ti bá a jà láti kékeré, tí ara rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé ipá lè pa á, adájọ́ ní kí wọ́n má fi ipá bọ́ ọ mọ́. Ó yé mi. Àmọ́ ọmọ yín kò tíì sún mọ́ ibẹ̀. Ọdún kan ló fi ṣàìsàn, kò sì tíì rí ìtọ́jú gidi kan tí a lè sọ pé ó kùnà.

Ẹ jẹ́ kí n bá ọkọ yín sọ̀rọ̀, ẹ ka apá yìí sí i létí. Bàbá, ẹ̀rù yín ní ìpìlẹ̀. Ìṣirò ìjọba fi hàn pé ní England, iye ìgbà tí òfin yìí ń mú aláwọ̀ dúdú ju ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun lọ. Lọ́dún 2010, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 23 kan, Olaseni Lewis, orúkọ tí etí wa mọ̀ dáadáa, kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá 11 dì í mọ́lẹ̀ ní ọsibítù ọpọlọ. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́, ìjà wọn ló di òfin ọdún 2018 tí wọ́n ń pè ní Òfin Seni. Ó di dandan kí ọsibítù kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi ipá di aláìsàn mú, kí wọ́n sì kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe lè yẹra fún un. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé e wálé? Ọkàn tó ń lù díẹ̀díẹ̀, tí potassium rẹ̀ kò dúró sójú kan, kò yẹ kó wà lójú òfuurufú fún wákàtí mẹ́fà. Àwọn dókítà wà ní Aró àti ní Yábàá tí mo bọ̀wọ̀ fún, àmọ́ ẹ lè má gbé e débẹ̀. Ní ti ilé àdúrà, mo ń gbàdúrà, mo sì mọ̀ pé àdúrà ń mú ìyá dúró. Ẹ ní kí pásítọ̀ wá gbàdúrà fún un ní wọ́ọ̀dù, wọn ò ní í lé e. Ibi tí wọ́n ti máa fi ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kún ti ọmọ tí ààwẹ̀ ń pa lọ ni mo ní kí ẹ má gbé e lọ. Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ní Nàìjíríà, àwọn ibi ìwòsàn ìbílẹ̀ àti ilé ẹ̀sìn kan ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn mọ́lẹ̀. Ipá wà níbẹ̀ náà, Bàbá. Kò kàn sí adájọ́ tí ọmọ yín lè ké pè.

Ó ní ẹni tó lè ké pè níbi tó wà yìí. Sẹ́kíṣọ̀n 3 lè tó oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n dókítà lè tú u sílẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ewu bá ti kọjá. Ọmọ náà lè pe Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń wò bóyá ó tọ́ kí wọ́n ṣì dá a dúró, lọ́yà rẹ̀ á sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí IMHA, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ fún ọsibítù, tí á máa gbẹnu sọ fún un. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí i pé nǹkan ti bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí ọsibítù ní wákàtí 72 ṣáájú pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Bí dókítà bá fẹ́ dá yín dúró, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé yóò ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe bó bá jáde. Bó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní í lè tún un ṣe fún oṣù mẹ́fà, nítorí náà ẹ má fi ìbínú ọjọ́ kan lò ó. Nígbà tó bá sì ń padà bọ̀ wálé, ẹ dárúkọ section 117 fún wọn. Ìtọ́jú lẹ́yìn ọsibítù ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀tọ́ ẹni tó bá ti wà lábẹ́ sẹ́kíṣọ̀n 3 ni. Ìjọba ti ń tún òfin yìí ṣe, ẹ bi AMHP èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí kò sí nínú ìwé òfin. Lọ́dún 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá ọ̀dọ́bìnrin 29 tó ní anorexia lẹ́nu wò nípa ipá. Bí àwọn tó ń tọ́jú wọn àti àwọn òbí wọn ṣe bá wọn lò wúwo lọ́kàn wọn ju títì tí wọ́n tì wọ́n mọ́lé lọ. Nítorí náà, ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá kí i. Nílé wa, kò sí ìyìn tó ju "o ti sanra díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ti yọ, ọpẹ́ ni fún Olúwa" lọ. Ọ̀bẹ ni gbólóhùn yẹn létí ọmọ yìí. Àǹtí kan á sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ọmọ ò sì ní í jẹun fún ọjọ́ méjì. Ẹ má sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ pé ó tinrín tàbí pé ó tóbi. Ẹ mú ìròyìn ilé lọ, ẹ mú òwú irun lọ kí ẹ bá a dirun, ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń jẹun bí wọ́n bá gbà yín láyè, kí ẹ má wo àwo rẹ̀.

Bó bá sì tún pè yín lóru òní tó ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣàlàyé òfin fún un, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ máa mú un jáde. Ẹ sọ fún un pé: "Mo gbọ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. N ò ní í bá ẹ jà, n ò sì ní í bá àìsàn yìí ṣe àdéhùn. Mo ń bọ̀ lọ́la ní aago méjì, n ó mú kóòmù dání."